Ẹni Tó Dákẹ́ Ti Gbà

Èrò ń ti ara wọn wọ yàrá ìpàdé nígbà tí ojú Tamsin ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹrẹ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ sì tutù bí omi òwúrọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, Tamsin ì bá rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ó ka káàdì orúkọ tó wà láyà ọ̀dọ́kùnrin náà: Hugh Garrick, Wirrabeen.

Wirrabeen ni ìlú tí wọ́n fẹ́ pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Iléeṣẹ́ onímọ̀ràn ni iléeṣẹ́ Tamsin ní olú ìlú, Canberra. Wọn kì í ṣòfin. Wọ́n á kọ ìwé, mínísítà á sì tẹ̀ lé e. Tamsin ti lọ wo odò Wirrabeen, ó sì kọ ọ́ pé bí ìjọba kò bá mọ odi sí etí rẹ̀, omíyalé á gbé èèyàn lọ. Malcolm, ọ̀gá rẹ̀, yọ ọ̀rọ̀ odi náà kúrò nínú ìwé. Orí ilẹ̀ ẹni tó ń gbọ́ bùkátà iléeṣẹ́ ni odi náà máa gbà.

Wọn kì í dìbò níbẹ̀. Bí alága bá ka ìmọ̀ràn tán, á wò yí tábìlì ká. Ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà lé alága lọ́wọ́ kí alága tó pa fáìlì dé, wọ́n á sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ìwé tí mínísítà máa kà.

Lẹ́tà Tamsin wà nínú àpò kóòtù rẹ̀. Malcolm ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá: "Ẹni tó bá kọ irú lẹ́tà yẹn, kó yáa kọ ti ìwáṣẹ́ mọ́ ọn."

Hugh bá a nídìí tíì. "Ẹ̀yin ni Tamsin. Ìyá mi ní ẹ jẹ kéèkì alágbọn àwọn bí ẹni tó ti aginjù dé."

"Ebi ló pa mí."

"Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní torí pé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé odi náà, àwọn ti ń rí oorun sùn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Tamsin.

Wọ́n jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni àyè àlejò. Àlejò kì í sọ̀rọ̀. Alága, ìyá àgbàlagbà tó ń jẹ́ Lowrie, ka ìmọ̀ràn náà jẹ́jẹ́. Kò sí odi nínú rẹ̀. Hugh wo ẹnu Lowrie, ó wo Tamsin, ó tún wo ilẹ̀.

Lowrie wò yí tábìlì ká. Malcolm ń fi bírò lu orúnkún. Ẹnu jẹ, ojú tì, ni Tamsin ń sọ nínú ara rẹ̀. Láti àná ló ti ń fi òwe yìí pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, nítorí owó oṣù ni. Ìgbà tí ọwọ́ alága kan fáìlì ló tó rántí pé kì í ṣe ilé Malcolm nìkan lòun ti jẹun.

Ó dìde. Ẹ̀rù náà bá a dìde, ó bá a rìn yí tábìlì ká, kò fi í sílẹ̀ rárá. Ó fi lẹ́tà náà lé Lowrie lọ́wọ́.