Pẹ́pẹ́yẹ Tó Dé Fìlà Pupa

Èmi ni mo fi téèpù náà ránṣẹ́. Kí n yáa tètè jẹ́wọ́, nítorí láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu tí mi ò rí i sọ fún ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ orí sófà kan náà la jọ jókòó sí.

Wendell Sundvold lorúkọ ọkọ mi. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n níbí, ní Duluth, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní fìlà òwú pupa kan tí wọnjanwọnjan so mọ́ ṣóńṣó orí rẹ̀. Ọjọ́ tó bá dé e síwájú máàpù, gbogbo ìlú mọ̀ pé òtútù tó ń bọ̀ kì í ṣe ti eré, kálukú á lọ gbé ṣọ́bìrì tó fi ń kó yìnyín sẹ́nu ọ̀nà.

Àfi lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọdé máa ń múra bí iwin, tí wọ́n á máa tọrọ súìtì láti ojúlé dé ojúlé, Wendell ní yìnyín kankan ò ní bọ́. Ó tún wá dá a láṣà, ó ní kí àwọn ìyá má wọ kóòtù lé aṣọ iwin ọmọ wọn, pé kò ní jẹ́ kó wuyì. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni yìnyín bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa dáwọ́ dúró, a ò rí ojú fèrèsé mọ́. Ẹnì kan ò fara pa, ṣùgbọ́n ikọ́ bá àwọn iwin ìlú wa jà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi bọ́ síwájú kámẹ́rà, ó sì tọrọ àforíjì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi tọrọ rẹ̀. Ó bẹ àwọn ìyá, ó bẹ àwọn iwin, ó bẹ ẹni tó ń pín lẹ́tà, ó bẹ àwọn tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì, ó wá bẹ ajá. Ọkùnrin tó yẹ kó ka ìròyìn eré ìdárayá jókòó ti bébà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò rí àyè sọ gbólóhùn kan lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn. Àwa ará ibí, tí ẹ bá tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àwa la máa bẹ̀ yín.

Èmi ní tèmi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sì nífẹ̀ẹ́ ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn débi pé àyà ń dùn mí, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Bí mo ṣe da àforíjì náà kọ sínú téèpù nìyẹn, tí mo kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta tì í, tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe Pẹ́pẹ́yẹ Mẹ́fà.

Pẹ́pẹ́yẹ Mẹ́fà ni kátúùnù ilé wa. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà ló ń gbé inú ilé kan, kò sì sí ètò orí tẹlifíṣọ̀n tí wọn kì í sín jẹ: ti dókítà, ti oníwàásù, ti ọlọ́pàá, ti àwọn tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè. Tó bá ti di ọjọ́ Sátidé, a kì í bọ́ aṣọ oorun sílẹ̀ nílé wa. A ó gbé kọfí, a ó jókòó ti pẹ́pẹ́yẹ títí ọ̀sán á fi pọ́n. Wendell fẹ́ràn wọn ju ọmọ wa lọ, mo sì fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun náà. Ohun tí mo rò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún kan kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti gbàgbé. Ìgbà tó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá, tí a ń jẹun, wọ́n kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn máa fi Pẹ́pẹ́yẹ Mẹ́fà hàn ní Sátidé àti Sọ́ńdè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni tuntun máa jáde. Wọ́n fi díẹ̀ hàn wá níbẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kan ló dúró síwájú máàpù, ó dé fìlà pupa, ó ń sunkún.

Wendell gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. "Fìlà mi nìyẹn."

"Fìlà pupa pọ̀ láyé," ni mo wí.

"Èyí tó ní wọnjanwọnjan lórí ńkọ́?"

Mo ní kó jẹun, kí oúnjẹ má tutù.

Kò jẹun. Ó dìde, ó lọ tẹ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Mo kà á nígbà tó wọlé lọ wẹ̀. Ìlà mẹ́rìnlá ni, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jẹ́ àforíjì. Nígbà tó jáde, ó ká ìwé náà sínú àpò àyà aṣọ oorun rẹ̀.

"Ardis," ó pè mí, "tí wọ́n bá fi mí ṣẹ̀sín lójú gbogbo Amẹ́ríkà, mi ò tún lè dúró síwájú máàpù. Mọ́ńdè ni mo máa fún wọn níwèé yìí."

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Ìgbà tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́yìn, ojú fèrèsé ló dúró sí, tó ń sọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún mi, títí mo fi ń fọ àwo tó mọ́ kí ariwo omi lè bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Àràárọ̀ ni ọkùnrin yìí máa ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé, táá gbójú sókè, táá fa atẹ́gùn símú, táá wá wọlé pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. Ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ nìyẹn. Ta ló sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Èmi Ardis, èmi tí mo mọ lẹ́tà kọ.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, Bev Kettunen, aládùúgbò wa, kanlẹ̀kùn. Páànù gbígbóná ló gbé lọ́wọ́, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́ bò lójú, tí wọ́n yan nínú ààrò. Ohun tí a máa ń gbé lọ sílé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nìyẹn.

"Ó kàn ṣẹ́ kù ni," ni Bev wí. Páànù náà kún dẹ́nu. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wendell ńkọ́?"

"Òun ló wà níbẹ̀ yẹn. Ó ń wo kátúùnù."

Bev yọjú wò ó. "Háà. Ó ń gbìyànjú o." Ó mí kanlẹ̀. "Mo gbọ́ nǹkan kan, Ardis. Ṣùgbọ́n ó lè má jẹ́ nǹkan kan."

"Ó lè má jẹ́ nǹkan kan lóòótọ́."

"Kò burú nígbà yẹn. Jẹ́ n máa lọ."

Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó fi ogún ìṣẹ́jú dágbére. Kó tó di ọ̀sán, páànù ti di mẹ́rin. Nígbà tó fi di Sọ́ńdè, ó ti pé méje, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sì gbé tírè kéèkì oníṣokoléètì kan wá. Wọ́n bá Wendell kẹ́dùn láìsọ ohun tí wọ́n ń kẹ́dùn lé lórí.

Ẹni tí wọ́n ń kẹ́dùn fún ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Gbogbo ẹni tí pẹ́pẹ́yẹ bá ti sín jẹ ló ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé orí obìnrin kan tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè, tó máa ń sunkún sórí àlùbọ́sà, kọfí gba imú Wendell jáde.

Kirsten, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, na gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò yíjú. "Dádì, obìnrin yẹn náà á ti ń wò ó nílé rẹ̀ o."

"Tiẹ̀ yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Ó máa ń sunkún sórí àlùbọ́sà lóòótọ́, Kirsten. Gbogbo wa la rí i."

"Ẹ̀yin náà bẹ ajá lóòótọ́. Gbogbo wa la rí i."

Wendell fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀. "Ajá Kettunen ni," ó dáhùn. "Òtútù mú un gan-an."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde kí n jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo ní, "Wendell, ọ̀rọ̀ kan wà o." Ó wò mí. Mo ní, "Ṣé kí n bu ẹran Bev fún ọ?" Ó ní kí n bù ú. Bí ẹ̀ẹ̀kejì ṣe rí nìyẹn, bí ẹ̀ẹ̀kẹta ṣe rí nìyẹn. Páànù mẹ́ta tán bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, Kirsten bá mi ní ilé ìdáná. Ó fara ti fíríìjì, ó ń wò mí.

"Mọ́mì, ẹ̀yin ni, àbí?"

"Èmi ni kí ni?"

"Àwo tó mọ́ lẹ̀ ń fọ̀ yẹn."

Mo ní kó jáde kúrò níwájú mi. Ó jáde.

Nígbà tí aago mẹ́fà fi máa lù, kéèkì ẹyọ kan ló kù nínú tírè. Láàárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Níbí, ẹnikẹ́ni kì í mú èyí tó gbẹ̀yìn. Tí ọ̀fun bá ń dá wa tólótóló jù, a ó gé e sí méjì, a ó mú ìdajì, ẹlòmíì á wá gé ìdajì tó kù, títí yóò fi di ẹ̀rún tí wọ́n á kó fún ẹyẹ. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti fẹ́ mi sí ìlú yìí, mi ò tíì rí ẹni tó mú un rí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ dé fìlà pupa, ó dúró síwájú máàpù, ó bẹ àwọn ìyá. Ó bẹ àwọn tó ń wa ọkọ̀ yìnyín. Ó bẹ ajá mẹ́jọ, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá bẹ yìnyín fúnra rẹ̀ pé òun ò kà á sí. Kirsten fi eyín di tìmùtìmù mú. Èmi ò wo tẹlifíṣọ̀n, ojú Wendell ni mò ń wò. Ojú náà dá wáí bí ojú tábìlì.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé wa lọ sí balùwẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ náà ló dúró níwájú dígí, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wọ̀, ó dé fìlà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dání, ó ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú," ó wí. Ó mi orí. "Rárá, ó fúyẹ́ jù. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Rárá, ó ti wúwo jù. Ìwọ náà dá sí i, kí lo rò?"

Búrọ́ọ̀ṣì náà ní kò burú.

Èyí ò sí nínú téèpù. Ojú ewé kejì lẹ́tà mi ló wà. Bí ọkọ mi ṣe ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tó tọrọ àforíjì, èmi nìkan ni mo sì rí i, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kí n tó mí, wọ́n ti fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà hàn. Abo pẹ́pẹ́yẹ kan dúró síbẹ̀, ó ká rólà sórí, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ.

Kirsten dìde, ó ní òun fẹ́ wo nǹkan kan ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ardis," ọkọ mi pè mí.

"Hẹn-ẹn."

"Ta ló mọ̀ nípa búrọ́ọ̀ṣì?"

Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó má bínú, èmi ni. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí téèpù, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ojú ewé kejì, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀kẹta tí kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí ẹran Bev, nítorí gbogbo àwo tí mo fọ̀. Nígbà tí mo dúró mí, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin," ó wí. "Ó ku méje."

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Ó yíjú sí mi. "Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí lọ́jọ́ yẹn?"

Mo rí i pé ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Kì í ṣe Amẹ́ríkà.

"Ìwọ ni," mo dáhùn. "Mo wo gbogbo ayé, mi ò rí ẹlòmíì tó máa bẹ ajá tí yóò sì ti ọkàn rẹ̀ wá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Wendell. Ó pọ̀ jù fún mi láti dá gbé, ni mo bá fi ránṣẹ́."

Níbí, a kì í sọ irú ìyẹn síra wa lójú. Ojú Wendell pọ́n dé etí.

"Mo rò pé ò ń sùn ni," ó wí. Ó wo ìpolówó ọṣẹ náà títí ó fi parí. "Pẹ́pẹ́yẹ yẹn... kò burú."

Ohun tó sọ nípa mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa náà nìyẹn, kò sì tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ohunkóhun rí. Ó na ọwọ́ sí tírè, ó mú kéèkì tó gbẹ̀yìn. Kò gé e. Odindi ló jẹ ẹ́, tí mo ń wò ó. Ó wá yọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lápò, ó fi nu ọwọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ó dúró síwájú máàpù, ó dé fìlà. "Yìnyín ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀," ó kéde, "ó máa dé orúnkún. Tí kò bá dé, Ardis ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ bá wí. Nọ́ńbà tẹlifóònù wa wà nínú ìwé nọ́ńbà ìlú."

Ọjọ́bọ̀ dé, oòrùn ló ràn. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni tẹlifóònù wa ti ń dún. Ẹni méjìdínlógójì ló pè, gbogbo wọn ló sì ní kí n má bínú pé àwọn pè. Nígbà tó kan Bev, tó ní ó lè má jẹ́ nǹkan kan, ó kàn rí i pé òun ti kó ṣọ́bìrì jáde lásán, èmi náà ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ òun, mo bẹ ọkọ rẹ̀, mo ní kó bá mi bẹ ajá. Mo gbọ́ kinní kan lẹ́yìn mi, mo yíjú. Wendell ló dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.