Dùùrù Tó Ń Wo Ẹsẹ̀ Ìyá Sàn

Irọ́ tí Tíṣà Oyèlékè pa fún ọmọ rẹ̀ kéré gan-an nígbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀rín lẹ̀yin náà ì bá rín. Kò búra, kò na ìka sókè. Ó kàn sọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń ju èèpo ẹ̀pà, ó sì gbà pé ìgbálẹ̀ àárọ̀ á gbá a lọ.

Ọ̀rọ̀ dùùrù ló fà á. Dùùrù kékeré kan wà ní pálọ̀ Tíṣà n'Ísẹ́yìn, lọ́dún tó tẹ̀lé Fẹ́sítáàkì. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín, ṣùgbọ́n ilé Tíṣà ni wọ́n ń gbé e sí, torí òun ni olórí akọrin, eku sì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ju ọmọ ìjọ lọ. Pákó méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀; bí atẹ́gùn kò bá wọlé, kò ní dún. Kíkẹ́, ọmọ ọdún méje, ni Tíṣà fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ìkórè. Ẹsẹ̀ Kíkẹ́ kò sì tó ilẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti gun orí àpótí, bàbá á kúnlẹ̀ sábẹ́ dùùrù, á máa fọwọ́ méjèèjì tẹ pákó lókèlódò, ìdí á ga sókè bíi ti ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin tí gbogbo ọmọ ilé ìwé Mọ́dà ń sá fún ní kọ̀rọ̀!

"Ó yá, Kíkẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Dádì, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ tán ni."

"Òmíràn ni."

Bó bá ti ibi ìtọ̀ dé, òùngbẹ á bẹ̀rẹ̀. Bí òùngbẹ bá lọ, ìka á máa dùn ún. Tíṣà fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́: ó jẹ bisikíìtì, ó sùn. Tíṣà fa pàṣán yọ: ó ké títí ìyàwó Pásítọ̀ fi sáré wá bèèrè ẹni tó kú. Bẹ́ẹ̀ ẹnu Tíṣà ti ṣíwájú rẹ̀. Ó ti dìde níwájú ìjọ, ó ti ní ọmọ òun ló máa tẹ dùùrù lọ́jọ́ Ìkórè, àwọn àlejò Ìbàdàn sì ń bọ̀ wá wò ó.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n gbé Ìyá Ogbooro dé. Ìyá tó bí Tíṣà ni. Àwáwù lorúkọ rẹ̀, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun kan yẹ̀. Ó ti dárí ji ọmọ rẹ̀ tipẹ́ pé ó lọ di onígbàgbọ́, àmọ́ kì í jẹ́ kó gbàgbé pé òun dárí jì í. Orí ọkọ̀ akóṣu ló ti já bọ́, egungun ojúgun rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n fi nǹkan funfun líle di ẹsẹ̀ náà ní ọsibítù, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ títí òun yóò fi ní kó tẹ̀ ẹ́. Mojọlá, ìyàwó Tíṣà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ọ̀hún, tún un sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Kíkẹ́, wọn ò gbọdọ̀ dìde o. Bó bá tún ṣẹ́, igi ni wọ́n máa fi rìn títí ayé. Ẹ gbọ́ mi ṣá?"

"Mo gbọ́."

Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún Ìyá sí pálọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Kíkẹ́ jókòó sórí àpótí, ó ká ọwọ́ sáyà, ó ní òun kò tẹ̀. Ìyá sì kérora lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Dádì, kí ló ń ṣe Ìyá?"

Ibẹ̀ ni irọ́ náà ti jáde, láti abẹ́ dùùrù.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Ṣé o ò mọ̀ ni? Bí o bá ń tẹ dùùrù, ó máa ń sàn. Ohùn dùùrù máa ń wọ egungun lọ tààrà."

Kíkẹ́ wo Ìyá. Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ́jú sí i. Háà, ẹ ò mọ Ìyá Ogbooro! Ká ní wọ́n bí i sínú ẹgbẹ́ eléré ni, ì bá ti ra ilé.

"Alihamudulilai!" ló pariwo. "Ẹ̀yin náà rí i? Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ lánàá, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi yìí, ó mira!"

Ó tán. Kò sí ìtọ̀ mọ́, kò sí òùngbẹ. Kíkẹ́ ń jí kí Ìyá tó kírun àárọ̀, ó ń fa bàbá rẹ̀ láṣọ pé kó wá kúnlẹ̀. Bó bá sì parí orin kan, Ìyá á kéde ibi tí ìwòsàn dé bí ọmọ ọkọ̀ tó ń pe ibùdókọ̀.

"Ó ti dé kókósẹ̀! Ó ń gòkè bọ̀! Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, Àbẹ̀kẹ́ mi, ó fẹ́ yà sí orúnkún!"

Tíṣà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ dùùrù. Àmọ́ nǹkan kan há sí i láyà, ó kéré bí ìrẹsì tó há sí eyín, kò sì yéé fi ahọ́n tọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan tí Kíkẹ́ wà ní ilé ìwé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ọmọ yìí o."

"Òótọ́ wo? Kí ni mo fi mú ìwọ náà jẹ ẹ̀fọ́ nígbà tí o wà ní kékeré? Mo ní ó máa ń mú ọmọ ga. O sì jẹ ẹ́."

"Mo jẹ ẹ́."

"Wo bí o ṣe kúrú."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Tíṣà ní ó dáa, ó di ẹ̀yìn Ìkórè.

Nígbà tí Ìkórè ku ọjọ́ díẹ̀, Kíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin náà nírọ̀lẹ́, kò sì ṣì í. Ó wọ ẹsẹ kejì, kò ṣì í. Tíṣà tẹ orí ba lábẹ́ dùùrù, ó ń tẹ pákó, ọkàn rẹ̀ ń fò. Níbi tí wọ́n ti tọ́ Ìyá Ogbooro dàgbà, bí ọmọ-ọmọ bá yege, ìyá àgbà kì í jókòó kí i. Á dìde, á ki oríkì rẹ̀, á jó lọ bá a, á gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìyá kò sì tíì jókòó ki ọmọ rí láyé rẹ̀.

Abẹ́ dùùrù ni Tíṣà wà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń rí. Ó rí ẹsẹ̀ Ìyá tí kò ṣẹ́ tó kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rí ẹsẹ̀ funfun náà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó balẹ̀, ó dúró.

Ó yẹ kó pariwo. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ìlà kan péré ló kù kí orin parí.

Ó pa ẹnu dé. Ó ń tẹ pákó lọ.

"Àbẹ̀kẹ́! Ọmọ ọmọ mi! Ọmọ tó ń..."

Kíkẹ́ bojú wẹ̀yìn. Ó rí Ìyá tó dúró, tó ń jó! Ìdùnnú mú ìka rẹ̀ yẹ̀, dùùrù sì ké bí ewúrẹ́ tí ọkọ̀ gbá. Lórí igbe yẹn gan-an ni Ìyá Ogbooro ṣubú lulẹ̀.

Mojọlá kò pariwo nígbà tí wọ́n gbé Ìyá dé ọsibítù. Ó kàn bèèrè: "Ẹ̀yin ò rí wọn nígbà tí wọ́n dìde ni?"

"Abẹ́ dùùrù ni mo wà," ni Tíṣà wí. Ó sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni.

Nígbà tí bàbá àti ọmọ padà sílé lọ́jọ́ kejì láti lọ mú aṣọ Ìyá, Kíkẹ́ kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó gun orí àpótí.

"Dádì, ẹ wá kúnlẹ̀."

"Sinmi ná, Kíkẹ́."

"Mo ṣi ẹyọ kan tẹ̀. Èmi ni mo mú Ìyá ṣubú. Ẹ wá kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Òótọ́ dé ọ̀fun Tíṣà. Ó dé ọ̀fun, ó yọjú síta, ó rí ọjọ́ Ìkórè àti àwọn àlejò Ìbàdàn tí wọ́n jókòó sórí àga, ó sì padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, Tíṣà kúnlẹ̀. Ó wọ abẹ́ dùùrù, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Kò sì gbọ́ kí ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò ṣi ẹyọ kan. Ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akọrin tó ń kọjá kígbe lójú wíńdò pé, "Tíṣà, ọmọ yìí mà ti mọ̀ ọ́n o! Ẹ kú oríire!" Omi kán sórí ọwọ́ Tíṣà láti òkè. Ó wòkè, ó rí i pé ojú ọmọ ló ti ń bọ̀.

"Dádì," ni Kíkẹ́ wí, kò dáwọ́ dúró, "ẹ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Ọsibítù jìnnà. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ Ìyá."

Tíṣà gbé ọwọ́ kúrò lórí pákó. Dùùrù kérora, atẹ́gùn inú rẹ̀ tán, ó dákẹ́. Tíṣà fẹ́ tètè jáde, ó forí gbá dùùrù gbì. Nígbà mìíràn, Kíkẹ́ ì bá rẹ́rìn-ín.

"Kíkẹ́, irọ́ ni."

"Kí ni irọ́?"

"Dùùrù kì í wo ẹsẹ̀. Èmi ni mo parọ́ fún ọ kí o lè máa tẹ̀ ẹ́. Ìwọ kọ́ lo mú Ìyá ṣubú. Mo rí ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n dìde, mi ò sọ̀rọ̀, torí mo fẹ́ kí orin parí. Èmi ni."

Ó rò pé ọmọ á mí kanlẹ̀, pé ẹrù á bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Kíkẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ẹ kàn fẹ́ kí n lọ jẹun ni. Ẹ wá kúnlẹ̀."

Kò gbà á gbọ́! Tíṣà tó ń parọ́ tí ọmọ ń gbé e mì, ó sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé. Ló bá gbé ọmọ sẹ́yìn Họ́ńdà rẹ̀, ó di ọsibítù, kí Ìyá wá jẹ́rìí. Àfi bí Ìyá ṣe rí wọn lẹ́nu ọ̀nà tó ti bẹ̀rẹ̀ eré.

"Háà! Àbẹ̀kẹ́ mi! Mo gbọ́ dùùrù lẹ́ẹ̀kan o! Ó wọ inú egungun yìí báyìí..."

"Ìyá, mo ti sọ fún un."

"O sọ kí ni fún un?"

"Òótọ́."

Ìyá pa ojú dé. "Yéè, ẹsẹ̀ mi o!"

"Ìyá, mi ò bi yín léèrè ẹsẹ̀," ni Kíkẹ́ wí. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ṣé àtàǹpàkò yín mira?"

Ìyá Ogbooro fa aṣọ ìbora sókè. Ó wo òrùlé, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Mojọlá tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ funfun.

"Kò mira, ọmọ mi. Má bínú sí mi."

Tíṣà wá sọ ìdajì òótọ́ tó kù níbẹ̀, Mojọlá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn fa ọmọ mọ́ra.

"Nígbà náà, gbogbo èyí tí mo tẹ̀, kò ṣe nǹkan kan," ni Kíkẹ́ wí. Kò sunkún. Tíṣà ì bá fẹ́ kó sunkún.

Lọ́jọ́ Ìkórè, Pásítọ̀ pe ọmọ náà, Tíṣà nìkan ló dìde.

"Kò ní tẹ̀ ẹ́," ló wí. "Irọ́ ni mo fi kọ́ ọ, ó sì ti mọ̀."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Tíṣà tún ti dé pẹ̀lú àwàdà rẹ̀. Ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àwọn àlejò Ìbàdàn pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì ń ta á létí bí ìgbátí.

Láti ọjọ́ náà, Kíkẹ́ kò rí bàbá rẹ̀ fín. Ó ń kúnlẹ̀ kí i, ó ń jẹ́ ìpè rẹ̀. Àmọ́ bí Tíṣà bá ní òjò ń ṣú, ọmọ á jáde lọ wo ojú ọ̀run. Bó bá ní iyọ̀ ti wà nínú ẹ̀wà, á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Kíkẹ́, káàárọ̀ o," ọmọ yọjú sí wíńdò kó tó dáhùn.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ń jẹun lọ́sàn-án, Tíṣà ń wá ọ̀rọ̀ tó máa mú u rẹ́rìn-ín.

"Ǹjẹ́ o mọ̀ pé adágún omi wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè? Lórí àpáta gan-an. Kò sí odò tó ṣàn wọ inú rẹ̀."

Kíkẹ́ dá ọwọ́ dúró lẹ́nu àwo. "Omi? Lórí òkè?" Ó yíjú. "Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí i?"

"Mi ò tíì débẹ̀ rí," ni Mojọlá wí.

Ọmọ padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. "Ó dáa, sà," ló wí, bí wọ́n ṣe ń dá àlejò lóhùn.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Tíṣà gbé e sẹ́yìn Họ́ńdà, wọ́n forí lé Adó-Àwáyè. Òkè ọ̀hún ga, bàtà Tíṣà ń yọ̀, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, ó ń dúró ní gbogbo ìgbà, ọmọ sì ń dúró dè é. Ẹ̀rù kan ba Tíṣà lójú ọ̀nà tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni: òun náà kò tíì gun òkè yìí rí, ẹnu ni wọ́n fi sọ fún un. Bí omi náà bá ti gbẹ ńkọ́?

Omi náà wà níbẹ̀. Ó tẹ́ jẹ́jẹ́ láàárín àpáta, koríko yí i ká. Tíṣà jókòó gbà, bí ẹni tí adájọ́ ní kó máa lọ sílé.

Kíkẹ́ rìn dé etí rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó fi kan ahọ́n. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, kò sún mọ́ ọn jù, kò sì jìnnà.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ sọ òmíràn tí a máa lọ wò."