Wọ́n Ní Àrìnpé Ló Ń Rùn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àrìnpé wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ara rẹ̀ dáadáa, ó fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, ó tún fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí tó kó káńfọ̀ sí, tó mú ìró àti bùbá tí kò wọ̀ láti ọdún iléyá jáde. Ẹni tó bá ti ta kẹrosíìnì fún ọdún méjìlélógún lẹ́bàá ojú irin l'Ọ́fà, yóò ti mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń yímú tí òun bá dé. Àrìnpé mọ̀, kò sì dùn mọ́ ọn. Àmọ́ kẹrosíìnì yìí náà ló fi rán àbúrò rẹ̀, Abdulwasiu, lọ sí Pólì, títí tí ìyẹn fi di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ní Ìlọrin, tó wá ra ọkọ̀ tuntun tí ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ fi kẹrosíìnì bú u.

Ọkọ̀ tuntun náà ni wọ́n gbé lọ sí Ojoku, níbi tí àbúrò wọn obìnrin, Khàdíjàt, ti fẹ́ sọmọ lórúkọ. Abdulwasiu wà nídìí sítíárì, Màrdíyyàh ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í nínú léèsì funfun. Àrìnpé wà lẹ́yìn, láàárín àwọn ọmọ wọn méjèèjì, Mùíz ọmọ ọdún méje àti Fatimah tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta. Wọ́n ti gbé gbogbo gíláàsì sókè, éésì ń fẹ́.

Wọn ò tíì kúrò nígboro tí Màrdíyyàh ti fọwọ́ bo imú.

"Daddy Mùíz, ṣé ẹ̀ ń gbóòórùn nǹkan?"

Abdulwasiu fa imú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú dígí, ó sì yára gbójú kúrò. "Kò sí nǹkan. Bí ọkọ̀ tuntun ṣe máa ń rùn nìyẹn."

"Kì í ṣe òórùn ọkọ̀ tuntun." Ìyàwó fa lọ́fínńdà yọ nínú báàgì, ó yíjú sẹ́yìn, ó fọ́n ọn. Ibi tí Àrìnpé jókòó sí gan-an ló kọjú ẹ̀ sí. "Ẹ má bínú o, Àǹtí mi. Àwọn ọmọ ni mò ń rò."

Ojú ti Àrìnpé débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó rọra tẹ orí ba, ó gbóòórùn apá ara rẹ̀. Àbí òun náà ni? Ẹni tí wọ́n bá ń pè lólè léraléra, bó pẹ́ bó yá, á fọwọ́ wo àpò ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí lọ́fínńdà fò lọ tán, òórùn náà tún dìde, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àrìnpé wá fa á símú dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, tí ẹ bá fẹ́ mọ kẹrosíìnì, ẹ má bi ẹni tó kàn ń fi í dáná, ẹ bi Àrìnpé. Kẹrosíìnì máa ń wúwo nímú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Èyí fúyẹ́, ó mú, ó sì ń ta èèyàn lójú. Bẹntiróòlù ni. Ohun tí Àrìnpé ti ń fimú ṣọ́ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ nìyẹn, nítorí bí wọ́n bá fi díẹ̀ péré lú kẹrosíìnì, àtùpà á bú gbàmù mọ́ oníbàárà lójú. Òórùn mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀, òórùn wáyà tó ń jó. Ó fọwọ́ kan àga tó jókòó lé. Ọ̀rá náà gbóná.

Ó nà síwájú, ó di èjìká àbúrò rẹ̀ mú.

"Abdulwasiu, dúró. Bẹntiróòlù ń jò nínú ọkọ̀ yìí, wáyà kan sì ń jó."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ tí mo gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ẹ fọkàn balẹ̀. Àná yìí ni wọ́n fi tirákà sí i, tí a ó fi máa mọ ibi tó bá wà. Wọ́n tú àga ẹ̀yìn yẹn, wọ́n so wáyà wọn mọ́ ti ẹ̀rọ tó ń fa bẹntiróòlù lábẹ́ ẹ̀, wọ́n dá a padà. Àwọn tó mọṣẹ́ ni."

"Àga tí mo jókòó lé yìí ni wọ́n tú? Mo ní kí o dúró."

"Àǹtí mi," ni Màrdíyyàh wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, "a ò bá yín wí. Iṣẹ́ yín ni. Ẹ má kàn tìtorí ẹ̀ ka ẹ̀sùn sí ọkọ̀ lẹ́sẹ̀. A ti pẹ́."

Ẹ gbọ́ o. Obìnrin náà ń rùn, ó tún wá ń purọ́ mọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Àrìnpé fa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Wọ́n ti tì í láti iwájú nítorí àwọn ọmọ. Fatimah ti ń wúkọ́, Mùíz ní orí ń fọ́ òun. Ilé ti tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, oko gbágùúdá ló kù. Ìbẹ̀rù mú Àrìnpé gan-an, ó fẹ́ pariwo, àmọ́ ó mọ àbúrò rẹ̀ láti kékeré: bó bá pariwo mọ́ ọn, ńṣe ni yóò tẹná sí i. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tirẹ̀ yìí, abẹ́ ìdí ni iná wà, wọ́n sì ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àrìnpé gbé ìtìjú rẹ̀ mì.

"Ó dáa," ó ní. "Èmi ni. Kẹrosíìnì ló dà sí mi láṣọ láàárọ̀, ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́. Ẹ dúró kí n pààrọ̀ ìró. Òmíràn wà nínú báàgì mi ní búùtù."

Ṣé ẹ rí i? Lójú ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ dúró. Abdulwasiu ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò tilẹ̀ pa ọkọ̀. Àrìnpé ti tú bẹ́líìtì àwọn ọmọ kó tó ṣí i tán. "Fatimah fẹ́ tọ̀," ó ní, ó gbé e sí ìbàdí, ó fa Mùíz lọ́wọ́. Kò yà sídìí búùtù rárá. Ọ̀nà tí wọ́n bá wá ló kọrí sí, ó kọ́kọ́ ń rìn kánkán, nígbà tó yá ó ń sáré. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀.

"Àǹtí, ibo lẹ̀ ń kó wọn lọ?" Màrdíyyàh bọ́ sílẹ̀, ó gbá tọ̀ ọ́. Inú bí Abdulwasiu, òun náà bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Kò tíì rin ogún ìṣísẹ̀ tí nǹkan fi ṣe fùù lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn tanná sí sítóòfù. Gíláàsì ẹ̀yìn di dúdú, lẹ́yìn náà ó pọ́n. Àga tí àwọn ọmọ ti dìde kúrò lórí rẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀.

"Subuhánalláhì," ni Màrdíyyàh ń wí, ó ń wí i léraléra.

Àwọn ọlọ́kadà dúró, àwọn àgbẹ̀ jáde láti inú oko. Kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ iná náà. Ẹnì kan bèèrè ohun tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀. Abdulwasiu káwọ́ lérí.

"Kẹrosíìnì ni," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tà á. Ó dà sí wọn láṣọ. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Gbogbo ojú yí sí Àrìnpé. Ọlọ́kadà kan pòṣé. Ó dun Àrìnpé wọ eegun. Ó gbé Fatimah sílẹ̀, ó tú ìró ìdí rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ọkùnrin, ó ku yẹ̀rì nìkan, ó sì na ìró náà sí Màrdíyyàh.

"Gbóòórùn ẹ̀, Ìyàwó."

Màrdíyyàh gbé e símú. Ó gbóòórùn etí rẹ̀, ó gbóòórùn àárín rẹ̀, ó yí i padà, ó tún gbóòórùn ẹ̀.

"Káńfọ̀ ni, Daddy Mùíz," ó ní. "Káńfọ̀ àti ọṣẹ. Bẹntiróòlù tó wà lábẹ́ àwọn ọmọ mi ni mo ń fọ́n lọ́fínńdà sí láti ilé."

Ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà, ó fẹ́ ró ìró náà padà mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ nídìí, àmọ́ ó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè so ó. Àrìnpé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó so ó fúnra rẹ̀.