Ìṣẹ́jú Àáyá Márùn-ún

Rédíò náà tún dákẹ́ ní àárín ìró kẹta nínú ìró mẹ́fà tí wọ́n fi ń kéde wákàtí, àfi bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ bo ọmọdé lẹ́nu. Bàbá Kò-yẹ̀ ṣì fi ìka tẹ ọwọ́ aago tó wà níwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń retí ìró kẹfà kí ó tó fi í sílẹ̀. Ìró kẹfà kò dé. Àwọn aago ara ògiri kò dúró de ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn lu mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò-yẹ̀ kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń tún aago ṣe nínú yàrá yìí, èyí tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í yẹ̀.

Orí àga aláìlẹ́yìn kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́, ni rédíò náà wà. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ènìyàn ló ń jókòó síbẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń lo awò ojú kan ṣoṣo. Àbúrò ló máa ń yí gbogbo aago ṣọ́ọ̀bù sí àkókò láràárọ̀, pẹ̀lú rédíò àtijọ́ kan tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni ń din nǹkan. Nígbà tó yá, ọmọ Bàbá Kò-yẹ̀ ọkùnrin ra rédíò sátẹ́láìtì fún bàbá rẹ̀. Ohùn èyí mọ́ gaara bíi pé asọ̀rọ̀ náà wà nínú yàrá. Ọjọ́ tó dé gan-an ni Bàbá Kò-yẹ̀ rí i pé gbogbo aago ara ògiri ló fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yá jù ú lọ. Aago mẹ́tàdínlógójì. Ẹyọ kan kò yọ sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ yín ló pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí.

"Ẹ̀rọ tó ń gbọ́rọ̀ láti ojú ọ̀run ni yóò pẹ́, tí tìrẹ tó ń hanrun yóò wá yá?"

Ọ̀rọ̀ ì bá kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Kò-yẹ̀ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó wo aago ńlá tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ó wo ti ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Lójú ọ̀gá ibùdó àti àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀, ó ṣí gíláàsì, ó dá aago náà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gééré, ó sì jẹ́ kó máa lọ. Láti orí àkàbà ló ti sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pé, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwàǹwára ni tìrẹ. Láti kékeré ló ti wà lára rẹ."

Àbúrò di àkàbà náà mú títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bàbá Kò-yẹ̀ sì yí gbogbo aago ògiri sí ti rédíò tuntun náà.

Lónìí, ní aago kan ọ̀sán, ọkọ̀ ẹrù yóò kó òun àti ìyàwó àti ọmọ lọ sí ìlú àwọn àna rẹ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe mítà omi ti gbà á síṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò wá gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Láti oṣù mẹ́rin ni àpótí náà ti wà lábẹ́ tábìlì. Bàbá Kò-yẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ lójoojúmọ́, kò sì sún un kúrò. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín kò tíì lọ.

Oníṣẹ́ sátẹ́láìtì tó ránṣẹ́ pè wọlé nígbà tí aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Obìnrin ni, irinṣẹ́ kún ìbàdí rẹ̀, ṣíngọ́ọ̀mù wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Háà! Aago tó pọ̀ tó báyìí, ta ló máa rí àyè pẹ́ níbí?"

"Ìwọ ti pẹ́. Ogún ìṣẹ́jú."

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀nà ni." Ó ti yọ orí síta lójú fèrèsé. "Ẹ ò rí i? Ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ yìí ló dìde dí yín lójú."

"Ojú mi kọ́. Ti rédíò."

"Ọ̀kan náà ni, sà."

Ó gbé àńtẹ́nà kúrò lójú fèrèsé, ohun kékeré pẹlẹbẹ bí ìdérí ago. Ó ń fi yé e bó ti ń tú waya. Ó ní ilé iṣẹ́ rédíò á ju ohùn sókè sí ẹ̀rọ kan tó wà lókè réré, ẹ̀rọ náà á sì rọ̀ ọ́ padà sílẹ̀ bí òjò, lórí ìlú, lórí oko, lórí òkun. "Àńtẹ́nà yìí ni igbá. Ẹni tó bá gbé igbá sábẹ́ òrùlé, ṣé ó máa gba òjò?"

Ó gun àkàbà lọ sí etí òrùlé. Bàbá Kò-yẹ̀ dì í mú fún un. Igi àkàbà náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí obìnrin náà ti ń yí ẹsẹ̀ padà, ó sì ṣe é bákan pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo ìwúwo ń bọ̀ wá bá.

Nígbà tí wọ́n wọlé, rédíò ti ń sọ̀rọ̀. Obìnrin náà nawọ́ sẹ́yìn rédíò láti dán ìdí waya wò, ó fà á yọ.

Rédíò kò dákẹ́. Asọ̀rọ̀ náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ nípa afẹ́fẹ́ tí yóò fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì tó díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó já.

Bàbá Kò-yẹ̀ yọ awò kúrò lójú. "Tún fà á yọ."

Ó ti waya náà bọ̀ ọ́ padà, ó dúró, ó tún fà á yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Kò-yẹ̀ ń fi etí ka ìró aago ògiri.

"Nígbà tí o ti yọ ọ́, níbo ló ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ?"

"Inú ara rẹ̀ ni, sà. Kì í sọ ohun tó bá gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dì í mú sínú díẹ̀. Torí bí ọkọ̀ bá gba abẹ́ afárá, tí ojú ọ̀run bá pamọ́, ohun tó ti wà nínú rẹ̀ ni yóò máa sọ títí ọkọ̀ á fi jáde. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan já."

"Mẹ́rin."

"Kí ni mẹ́rin, sà?"

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló ń dì í mú. Ẹyọ kan kù."

Obìnrin náà dá ṣíngọ́ọ̀mù jíjẹ dúró. "Ẹyọ kan wo?"

"Láti ẹnu asọ̀rọ̀ dé inú waya yìí. Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó?"

"Ó dáa... wọ́n á kọ́kọ́ dì í bí ẹrù ní ilé iṣẹ́, wọ́n á tì í pa kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ má bàa gbọ́ ọ. Á wá lọ sókè, á bọ̀ nílẹ̀, rédíò á tú u. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ẹ kà á sí ìṣẹ́jú àáyá kan." Ó wo ojú rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ ọ́n."

"Ẹnìkan mọ̀ ọ́n," ni Bàbá Kò-yẹ̀ wí.

Obìnrin náà ti lọ tipẹ́ nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ dé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Bàbá àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n má jókòó."

"Ta ló yí aago ọwọ́ rẹ yẹn sí àkókò?"

"Bàbá mi ni. Àràárọ̀ ni, pẹ̀lú rédíò wọn."

"Ó ṣì ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń hanrun, sà." Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Àmọ́ ó ń sọ ọ́."

Bàbá Kò-yẹ̀ ní kí ó bọ́ aago náà. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó tẹ̀ ba lé wọn lórí. Abẹ́rẹ́ pupa méjì ń rìn yíká, ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan tẹ̀lé e. Àlàfo àárín wọn kò fẹ̀ sí i, kò sì dín. Kò ní láti kà á, síbẹ̀ ó kà á: márùn-ún. Ẹyin lọ̀rọ̀, ni ó ń rò. Ó ti ju tirẹ̀ sílẹ̀ láti orí àkàbà, lójú gbogbo èrò.

Ó dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn aago gíga tó wà ní igun, ó fi ìka kan dá ọ̀pá tó ń fì dúró. Ó bọ́ sí èkejì. Èyí tó ń lo bátìrì, ó yọ bátìrì rẹ̀. Ọmọ náà ń wò ó bó ti ń yí ògiri ká, tí ariwo yàrá ń dín díẹ̀díẹ̀, títí tó fi kan ẹ̀kẹtàdínlógójì.

"Bàbá àgbà, kí lẹ ń ṣe?"

"Lọ sọ fún bàbá rẹ pé aago mi ló pẹ́."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ọmọ náà wo abẹ́ tábìlì. "Àpótí ńkọ́, sà?"

"Kí òun fúnra rẹ̀ wá gbé e, bó bá ṣì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bá mi dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Èmi ni n ó pe ọ̀gá ibùdó jáde. Èmi náà ni n ó gun àkàbà."

"Ọkọ̀ ẹrù á gbéra ní aago kan."

"Mo mọ̀. Sáré."

Kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí nínú yàrá yìí. Ọmọ náà gbàgbé aago rẹ̀ sórí tábìlì, ó sáré.

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Bàbá Kò-yẹ̀ kò mọ̀ pé ènìyàn lè gbọ́ ohùn títì láti ibi tó jókòó sí. Ẹnìkan ń gbálẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá. Aago ọmọ náà pé méjìlá. Ti ọwọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Bàbá Kò-yẹ̀ ń retí. Lẹ́yìn náà ni rédíò gbé ìró mẹ́fà jáde, ní pípé, ní mímọ́ gaara, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí kò pẹ́ rí.

Ní ilé tí àbúrò rẹ̀ wà, láàárín ẹrù dídì, ọ̀sán ti pé kí ìró yìí tó dé. Ó ti gbọ́ ọ tán, ó ti ń bá ohun tó kàn lọ.

Bàbá Kò-yẹ̀ gbé rédíò kúrò lórí àga, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Eruku yí ibi tó jókòó sí ká. Ojú igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó fi etí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ nu eruku náà kúrò, ó sì fa àga sún mọ́ tirẹ̀.