Ògiri Tí Mutolib Mọ

Ọmọ Ṣakí ni Mutolib, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Nígbà tí àwọn ará ẹ́sítéètì kan lẹ́bàá Alápẹ̀rẹ̀ pinnu láti mọ fẹ́ǹsì yí ilé wọn ká, òun ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Màríyámọ̀ ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ti wọ́n, Sàfúrátù ọmọ wọn sì wà ní yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ nípa ìmọ̀ ìtàn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Àárín ẹ́sítéètì yẹn ni àwọn ará àdúgbò Mutolib, tí wọ́n ń gbé létí àbàtà lọ́nà Agboyi, máa ń gbà bọ́ sí títì. Bí wọ́n bá dí i, àfi kí wọ́n gba etí omi yí ká títí dé Kétu. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, Sàfúrátù bi bàbá rẹ̀ pé:

"Bàámi, ṣé kì í ṣe ọ̀nà wa lẹ fẹ́ dí yìí?"

"Wọ́n á fi géètì kékeré síbẹ̀," ni Mutolib wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni olè ti wọlé wọn. Ṣé kí wọ́n má sùn ni? Àti pé bí mi ò bá mọ ọ́n, ẹlòmíì á mọ ọ́n."

Sàfúrátù padà sídìí ìwé rẹ̀. Ayé òde òní ni wọ́n ń kọ́ wọn ní sáà yẹn: ogun àgbáyé, bí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe gba òmìnira, ògiri tí wọ́n fi pín ìlú Berlin sí méjì ní Jámánì. Dókítà Ọlábámijí, olùkọ́ wọn, a máa sọ pé, "Ẹ má kàn há ọdún sórí o. Ẹ máa béèrè pé, ta ló ń gbé níbẹ̀?" Sàfúrátù fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà.

Kí òjò tó dé, fẹ́ǹsì ti parí. Mutolib to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Wọ́n fi géètì kékeré síbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì fi gáàdì kan tó ń jẹ́ Felix ṣọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n máa tì í pa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nítorí ọ̀pọ̀ onílé máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnjiníà Bánjí, alága ẹ́sítéètì, ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí òjò ń rọ̀ ni ikọ́ fée dé sí Màríyámọ̀. Ó ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, oògùn tó máa ń fín sẹ́nu kò ràn án. Mutolib pọ̀n ọ́n. Sàfúrátù sáré ṣáájú, ó ń gbá géètì gbàgbàgbà.

"Uncle Felix! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i! Màámi ò lè mí!"

Felix yọjú láàárín irin. "Sister, key no dey my hand. Oga carry am go church. I dey call am, e no dey pick."

Ó tún pè é lójú wọn. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ojú Felix ti kún fún omijé. Mutolib gbójú sókè wo ògiri náà. Ó mọ bó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, ó mọ iye irin tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e díẹ̀, lẹ́yìn náà ló kọjú sọ́nà etí omi.

Wọ́n ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ọwọ́ Sàfúrátù wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kó má baà yọ̀ bọ́. Wọn ò tíì rí títì Kétu tí ẹ̀yìn náà ò fi lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí mọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó gbà kó máa pọ̀n ọ́n lọ, títí wọ́n fi dé ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì sì sọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Sàfúrátù ò sunkún. Àwọn obìnrin àdúgbò ní kó sunkún, wọ́n ní ẹkún ń tu ni lára, ṣùgbọ́n ẹkún ò wá. Gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn ká sábẹ́ títí tó fi kú: tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ẹnjiníà Bánjí àti ìyàwó rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí. Mo pa ohùn fóònù mi nítorí ìsìn. A ò ní ti géètì yẹn mọ́ láé."

"Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí," ni Mutolib dáhùn. "Ẹ dìde, sà."

Sàfúrátù gbé omi fún wọn. Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń tọwọ́ bọ àpò wá nǹkan. Kò rí i.

Ìdánwò dé. Wọ́n béèrè ohun tó fa wíwó ògiri Berlin. Ó mọ̀ ọ́n: ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀, àwọn olórí tí ọwọ́ wọn rọ, ìkéde tí ẹnì kan ṣì ṣe. Ó kọ ọ́ pé, "Àwọn aráàlú dìde," bíírò sì dúró. Ní àdúgbò tirẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n kí Felix, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kọjá. Ó rò ó pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rí nínú ìtàn: àwọn tó yí ká, tí ẹnikẹ́ni ò kọ nípa wọn. Àti àwọn tó to búlọ́ọ̀kù náà ńkọ́? Ṣé wọ́n lọ́mọ nílé ìwé? Báwo ni wọ́n ṣe sùn nígbà tó parí? Ìbéèrè náà ò béèrè ìyẹn. Ó kọ èyí tó máa gba máàkì, ó sì fi bébà sílẹ̀.

Nígbà tó délé, Mutolib jókòó síwájú yàrá. Kò tíì padà síbi iṣẹ́.

"Ẹ káàsán, Bàámi."

"Sàfú, o káàbọ̀. Ìdánwò wo lẹ ṣe lónìí?"

"Ìtàn ni, sà."

"Kí ni wọ́n bi yín?"

Sàfúrátù wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, bí sìmẹ́ńtì ṣe jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun.

"Ogun ni," ló wí. "Wọ́n bi wá nípa ogun."

Mutolib mi orí. Sàfúrátù wọlé lọ ṣa ẹ̀wà tí wọn máa jẹ.