Ẹni Tí Màmá Yàn

"Kí ni orúkọ ọkọ yín, mà?"

Inú fóònù orí tábìlì ni ìbéèrè náà ti jáde. Salimat ló bèèrè, ògbufọ̀ tó jókòó sí Houston tó ń sọ òyìnbó lọ́yà di Yorùbá fún Màmá, tó sì ń sọ Yorùbá Màmá di òyìnbó fún lọ́yà. Màmá wo fóònù náà. Wọ́n wo lọ́yà. Wọ́n wá fi etí ìborùn bojú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

"Bàbá Akin ni."

"Lọ́yà ní orúkọ wọn gan-an ni òun ń bèèrè, mà."

"Mo ti sọ ọ́. Bàbá Akin."

Péjú, ọmọ Màmá, wà lórí àga kan lẹ́bàá ògiri, ó ń jẹ ètè ara rẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ó mọ ìdáhùn. Gbogbo àdúgbò wọn ní Ìlá Ọ̀ràngún mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni lọ́yà, Joanna lorúkọ rẹ̀, ti là á yé e: "Ẹ̀yin lẹ wá mi rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá yín ni oníbàárà mi. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ gbọ́, kí n lè mọ̀ pé ọpọlọ wọn ṣì pé. Ẹ lè jókòó tì wọ́n. Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, ìta ni."

Joanna kọ nǹkan sílẹ̀. Péjú na ọrùn títí ó fi rí i: kò rántí orúkọ ọkọ rẹ̀.

Kò rántí kẹ̀? Obìnrin tó lo ọdún méjìlélógójì lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ tí kò fẹnu kan orúkọ ọkọ lẹ́ẹ̀kan rí! Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ náà sin pàápàá, tí àwọn àna ń ké orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń polówó, "Bàbá Akin" ni Màmá fi sunkún tiwọn dé ibojì.

Ìtàn ohun tó gbé wọn dé ọ́fíìsì lọ́yà yìí ní West End, nílùú òyìnbó, kò gùn. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, Màmá gbé ìkòkò òfìfo kaná nílé Péjú ní Suwanee, wọ́n sì bọ́ síta láti lọ mú Péjú nílé ìwé. Péjú ti pé àádọ́ta ọdún. Ọlọ́dẹ ilé ìkẹ́rùsí kan ló rí wọn, tí wọ́n dúró láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n ń bèèrè ibi tí kíláàsì kejì wà. Òyìnbó díẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ló kọ́kọ́ bá àìsàn ìgbàgbé náà lọ. Dókítà ní ọpọlọ wọn ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀, kí wọ́n yára wá lọ́yà nígbà tó ṣì ń bọ̀ wálé yẹn, kí Màmá lè fọwọ́ sí ìwé pé Péjú ni kó máa ṣojú àwọn ní bánkì àti nílé ìwòsàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ́ọ̀tù ni yóò yan alágbàtọ́ fún wọn, adájọ́ sì lè fi wọ́n lé ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí lọ́wọ́.

Bùrọ́dà Déolú, lọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ni Péjú kọ́kọ́ sá tọ̀ lọ. Àwòrán Déolú ń rẹ́rìn-ín lórí pátákó ìpolówó lójú títì tó lọ sí Hampton, níbi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ìje.

"Sístà Péjú, ṣé ọkọ̀ ló gbá Màmá?"

"Rárá o."

"Wọ́n yọ̀ ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Wọn ò ṣubú."

Ojú Déolú rẹ̀wẹ̀sì. "Kò tiẹ̀ sí nǹkan kan tó já lù wọ́n?"

Nígbà tí Péjú ṣàlàyé tán, Déolú mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí kọjá mi. Ẹjọ́ ẹni tó fara pa ni mò ń ṣe. Ẹni tó ń yọ eyín kì í gbẹ̀bí. Lọ́yà tó ń ṣe ti àwọn àgbàlagbà lẹ ń wá, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni." Òun ló fún un ní nọ́ńbà Joanna. Péjú sì ti gbàgbọ́ pé rírí lọ́yà ni wàhálà náà. Kò mọ̀ pé wàhálà wà nínú yàrá lọ́yà, ó ti jókòó, ó ń dúró dè wọ́n.

"Ẹ má bínú, mà," ni Salimat tún wí, ohùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. "Lọ́yà ló ní kí n bi yín o. Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Màmá rọra yíjú sí fóònù. "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ìsẹ́yìn ni, mà."

"Wọn ò sọ fún ẹ ní Ìsẹ́yìn pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Wọ́n sọ fún mi, mà."

"O wá tún bi mí."

"Iṣẹ́ ni, mà."

"Iṣẹ́ burúkú ni. Wá òmíràn. Sọ fún un pé Ọlọ́run tó fún mi ló mọ iye wọn."

Salimat túmọ̀ rẹ̀. Joanna kọ ọ́ sílẹ̀. Péjú fi èékánná gún itan ara rẹ̀.

"Ta ni Akíntóyè?" ni ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Ojú Màmá tàn. "Ọkọ mi ni."

Péjú fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ọmọ ìyálé Màmá ni Akin. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé Màmá wọlé. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ ìyàwó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó ló ń nu imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Joanna ti ní orúkọ gbogbo ẹbí nínú fáìlì níwájú rẹ̀; ọmọ ni wọ́n pe Akíntóyè níbẹ̀. Ó gbé bírò kalẹ̀.

"Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé yìí," ló wí. "Mo kẹ́dùn."

Péjú dìde. "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Ìta, jọ̀ọ́."

"Mò ń lọ. Ṣùgbọ́n màá máa sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń lọ."

Láti àga náà dé ẹnu ọ̀nà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀yìn ni Péjú fi rìn ín, ó sì rìn ín bí ẹni tí bàtà ń ta. Ní ìṣísẹ̀ kìíní, ó ṣàlàyé ìdí tí ìyàwó kì í fi pe orúkọ ọkọ. Kò gbẹ́sẹ̀ kúrò nínú ìkejì títí ó fi sọ ti kíka ọmọ tán. Nígbà tó máa fi dé ẹnu ilẹ̀kùn, Akin ti di ọmọ ìyálé, ó ti di ọkọ ìyàwó, òógùn sì ti bo Péjú. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kò ṣí i.

Joanna yíjú sí fóònù. "Salimat, ṣé òótọ́ ni?"

"Wọn ò gba ògbufọ̀ láyè láti dá sí ọ̀rọ̀," ni Salimat wí. "Ṣùgbọ́n ká ní ìyá tó bí mi lẹ bi láwọn ìbéèrè yẹn, òun náà kò ní yege nínú ẹyọ kan. Ọpọlọ ìyá mi sì pé ju tèmi lọ."

Joanna wo Màmá, ó wo Péjú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ padà wá jókòó."

Péjú jókòó. Ara rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìkòkò òfìfo yẹn pé àbí àṣà kan wà nínú rẹ̀ tí òun kò mọ̀.

"Màmá," ni Joanna wí, "bí ara yín ò bá yá, ta lẹ fẹ́ kó máa ṣojú yín?"

"Péjú." Kò pẹ́ lẹ́nu wọn rárá.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

"Torí pé kì í purọ́ fún mi. Bí oògùn bá korò, á ní ó korò. Àwọn tó kù á ní kí n gbé e mì, pé ó dùn."

Joanna fa ìwé náà jáde. Ó ṣí bírò. Péjú ti ń dúpẹ́ nínú.

"Ó ku ẹyọ kan. Ṣé Péjú wà nínú yàrá yìí?"

Màmá wo yíká. Wọ́n wo òdòdó inú ìkòkò, wọ́n wo lọ́yà. Wọ́n wo Péjú, ó pẹ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Rárá. Ibi iṣẹ́ ni Péjú wà. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ̀ mí nìyẹn. Ó ṣèèyàn, àmọ́ omi rẹ̀ máa ń gbóná jù."

Péjú wolẹ̀, ó rí ara rẹ̀: aṣọ búlúù tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀, káàdì ilé ìwòsàn lọ́rùn, bàtà rọ́bà. Láti ibi iṣẹ́ ló ti lọ gbé Màmá ní tààrà.

"Aṣọ ni," ló wí. "Lọ́yà, aṣọ yìí ni. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ó sáré dé ibi tí ó gbé ọkọ̀ sí. Ìró àti bùbá tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀, ti ìborùn ti ìborùn. Ó fi bùbá bọ orí aṣọ iṣẹ́, ó ró ìró lé ṣòkòtò, ó gbé ìborùn lé èjìká. Ọkùnrin kan tó ń já ẹrù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ dúró wò ó. Kó wò dáadáa. Ní báyìí, ojú Péjú ló kù, èyí tí Màmá fúnra wọn sọ láti kékeré rẹ̀ pé ojú ìyá tó bí àwọn, ará Ìkirè, ni, tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Ìyá Ìkirè kó tó gbọ́njú.

Ó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì wọlé.

Màmá rí i. Ojú wọn là bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Wọ́n gbá apá àga mú, wọ́n ń gbìyànjú àtidìde, Péjú sì rò nínú ọkàn pé, wọ́n ti mọ̀ mí. Màmá dìde tán. Orúnkún wọn dún, ọ̀kan, èkejì. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Péjú lórí kápẹ́ẹ̀tì lọ́yà.

"Ẹ kú àbọ̀, Màmá mi. Ìkirè ńkọ́?"

"Ó ní kí ìyá òun káàbọ̀," ni Salimat bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí ìyá tí Màmá ń kí ti kú.

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di etí ìró Péjú mú. "Màmá, obìnrin yìí ní kí n mú ẹni tó máa tọ́jú mi. Péjú ni mo mú, kò sì tíì dé. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Mo mọ̀ pé mò ń dà á láàmú."

Joanna ti bírò bọ ìdérí. "Kì í ṣe lónìí," ló wí jẹ́jẹ́. "Lọ́jọ́ Tuesday, màá wá bá wọn nílé ní Suwanee, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí ọpọlọ wọn bá ṣì tutù. Mò ń ṣèlérí pé màá wá. Mi ò lè ṣèlérí nǹkan míì."

Péjú mi orí pé òun gbọ́. Ó la ẹnu láti sọ ohun tó ti ń sọ láti oṣù mẹ́rin: èmi ni Péjú, mà, ẹ wò mí dáadáa. Ó wo lọ́yà, bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ tíṣà. Joanna nawọ́ sí i pé kó sọ̀rọ̀.

"Ẹ ò dá mi lóhùn, Màmá," ni ìyá rẹ̀ wí láti ilẹ̀.

Péjú kúnlẹ̀, kí ojú wọn lè dọ́gba. Ó gbé ọwọ́ lé ìyá rẹ̀ lórí.

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Péjú ò bínú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀."

Màmá mí kanlẹ̀.

"Ẹ ní kó bá nọ́ọ̀sì yẹn sọ̀rọ̀. Kó máa bu omi tútù sí i."

"Màá sọ fún un," ni Péjú wí.