Ẹ̀yìn Ìjókòó Awakọ̀

Àpò yìí ò ní wọlé sínú mọ́tò. Mo ti mọ̀ pé kò ní wọlé kí n tó gbé e jáde, mo sì tún gbé e... Kí ni mo tilẹ̀ ń di ẹrù fún? Ìrìn àjò tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rìn, èmi ni mo ń ká aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Bàbá wọn wà nílé ìwẹ̀. Mo ń gbọ́ omi. Kí omi yẹn tó dá, mo gbọ́dọ̀ ti mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọkọ mi pé wọn ò ríran dáadáa mọ́, pé ẹni tí kò ríran ò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀, pé ti ọ̀la yìí... Bàbá wọn, ojú yín... Rárá. Kì í ṣe báyẹn la ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Mọ́tò náà ń wò mí. Ó lúgọ sínú gáréèjì, ó pupa, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fò mọ́ èèyàn. Orogún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń pè é láti ọjọ́ tí Bàbá wọn ti fa òkú rẹ̀ wálé, tí wọ́n ní ọkọ̀ eré ìje ni, pé nígbà ayé rẹ̀ kò sí ọkọ̀ tó lè yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì. Mo bi wọ́n nígbà náà pé àwọn ọmọ wa ń kọ́? Wọ́n ní àwọn ọmọ á dàgbà, wọ́n á lọ. Wọ́n dàgbà, wọ́n lọ lóòótọ́. Ó wá ku àwa mẹ́ta nílé: Bàbá wọn, èmi ìyálé, àti orogún tó ń mu epo ju bí mo ṣe ń mu omi lọ.

Búùtù rẹ̀ ò gba nǹkan. Sípíà táyà ti jókòó síbẹ̀, jáàkì jókòó tì í, gálọ́ọ̀nù omi wà níbẹ̀ nítorí rédíétọ̀ tó máa ń gbóná, àpò irinṣẹ́ gba ìyókù. Àpótí líle ò lè wọ ibẹ̀ láé. Àpò rírọ̀ ni, kéèyàn sì fi orúnkún tì í. Aṣọ tí mo rán fún ọmọ tuntun tí ọmọ wa obìnrin bí, àárín táyà ni mo ká wọn sí. Wọ́n á gbóòórùn epo díẹ̀. Kò burú, ilé mẹkáníìkì náà ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Ó wá ku àpò tiwa... Kí ni mo ń rò tẹ́lẹ̀?

Ojú.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Aránṣọ ni mí, ojú tèmi náà ti ń lo jígí tipẹ́, Bàbá wọn ló sì máa ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Wọ́n á fi ètè pọ́n ọn, ẹ̀ẹ̀kan báyìí, ó ti wọlé. Lọ́jọ́ kan wọ́n di abẹ́rẹ́ mú títí, wọ́n ń fi òwú gún afẹ́fẹ́. Wọ́n ní òwú ìsinsìnyí ò dáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òwú ìsinsìnyí ò dáa. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi ra òwú! Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń pa irọ́ yìí. Wọ́n da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, mo ní tábìlì ni kò dọ́gba. Wọ́n kọjá lára ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láì kí i, mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kó má bínú, pé ìrònú ni. Ìrònú! Èmi ni mo ń ronú.

Àmọ́ ti oníkẹ̀kẹ́ yẹn... Mi ò fẹ́ rántí oníkẹ̀kẹ́. Ní kọ́nà ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, apá ọ̀tún ló wà, ọkùnrin gìrìwò tó wọ aṣọ funfun, kò sí bí ojú ò ṣe ní rí i. Wọ́n ń wà á lọ bá a tààrà, bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo figbe ta. Búréèkì ké. Imú ọkọ̀ dúró níbi tí mo ti lè nawọ́ kan ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Ó bú wa dé ìdí ìran wa. Bàbá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mo rí i. Mo kàn fẹ́ kó kọ́gbọ́n ni." Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ wọn tàsé jíà. Mo rí ọwọ́ náà, mo yí ojú sí fèrèsé.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo wò ó láti òkèèrè. Ó ti dé ìtòsí, mo ṣì jókòó, mò ń wò ó.

Tí kì í bá ṣe ti ọmọ tuntun yìí ni... Ọmọ wa obìnrin bímọ, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti dẹ́kun àtimáa bi í nípa oyún. Ibi tó ń gbé jìn. Òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lójú ọ̀nà, òkè, kọ́nà, tírélà. Mo dábàá ọkọ̀ èrò, wọ́n wò mí bí ẹni tó ní ká lọ ta ilé. Wọ́n ní mọ́tò àwọn ló máa gbé wa lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i." Ojú ara mi. Mo lọ mú àpò wá.

Kí n fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́? Mo ti ṣe é láàárọ̀. Mo jù ú sínú agolo bọ́tìnnì mi, mo sì yọ ọ́ jáde kí omi tíì tó hó. Nítorí wọ́n á wá a. Wọ́n á máa fọwọ́ pá ògiri níbi ìṣó tí wọ́n ń fi kọ́ ọ, wọ́n á sì rò pé ojú àwọn ni kò rí i. Mi ò lè fi ìyẹn jẹ wọ́n níyà.

Kí n pe ọmọ wa, kó bá mi bá wọn sọ ọ́? Abiyamọ tí kò tíì sinmi. Á kàn máa sunkún ni. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò sọ ti ẹni tí kò sunkún, tí kò sì ríran, tó ń súfèé nílé ìwẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi nìkan sì kọ́. Àwa méjì la máa wà nínú rẹ̀. Àti oníkẹ̀kẹ́ tí mi ò tíì mọ̀, ní kọ́nà tí mi ò tíì dé. Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ojú...

Omi ṣì ń dà.

Ojú nìkan kọ́, ọkọ̀ pàápàá ń ṣàìsàn. Láti ọjọ́ oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ní àwọn ń gbọ́ ohùn kan nínú ẹ́ńjìnnì. Etí ni Bàbá wọn fi ń ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Wọn kì í kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ máa wà á lọ, àwọn á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á dijú, wọ́n á máa gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní, "Ìyá wọn, máa wà á, kí n gbọ́ ọ," mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo mọ mọ́tò wà díẹ̀, tí wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan sítíárìn rẹ̀! Mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, mo ń na ẹsẹ̀ bí ọmọdé lórí àga àgbà, torí wọ́n ga, èmi ò ga, ìjókòó náà ò sì ṣeé sún, ìpẹtà ti jẹ irin rẹ̀ mọ́lẹ̀. A wà á dé odò. A gun òkè ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n á ní kí n pààrọ̀ jíà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Wọ́n ní, "Má bẹ̀rù tírélà, òun náà ò fẹ́ kú." Mo ń bi wọ́n ṣáá pé ṣé wọ́n ti gbọ́ ohùn náà, wọ́n á ní ó kù díẹ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Lánàá wọ́n ti gáréèjì mọ́ra wọn títí oòrùn fi rọlẹ̀, irin ń ké, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìka tó bó. Wọ́n ní àwọn ti yanjú ẹ̀. Kí ni wọ́n yanjú, tí wọn ò rí abẹ́rẹ́? Ẹ̀rù ń bà mí. Kí n má tan ara mi, ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni.

Àpò yìí náà. Búùtù ti kọ̀ ọ́. Ó ku ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀, ibẹ̀ kì í sì í gbà ju agbòjò lọ. Ẹ̀yìn ìjókòó Bàbá wọn àti ògiri ọkọ̀ máa ń fẹnu ko ara wọn ni. Jẹ́ kí n ṣáà tì í. Bó bá ya, kó ya—

Ó wọlé.

Ó wọlé pátápátá, àyè ṣì kù. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi ò kan ibì kan. Kí ló... Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ ìjókòó. Ihò àtijọ́ tí wọ́n fi de ìjókòó mọ́lẹ̀ rèé, ó ṣófo, ìpẹtà yí i ká. Níwájú rẹ̀, ihò tuntun, etí irin ṣì ń dán. Nọ́ọ̀tì tuntun ti de ìjókòó mọ́ ọn gbọn-in. Ihò kan wọ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣì í lu, wọ́n wá tún un lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kì bá tí ṣe irú ẹ̀ láyé, nígbà tí ojú ṣì wà.

Mo jókòó. Kò sí ìrọ̀rí lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ mi dé kílọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ ẹ́ títí dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ mi kan jíà láì nà. Bí aṣọ tí wọ́n wọn ara mi kí wọ́n tó rán. Bàbá wọn ò lè jókòó síbí mọ́, orúnkún wọn á há sábẹ́ sítíárìn. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n ń lu ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka wọn ń bó, tí wọ́n ń fọwọ́ pá ibi tó kàn.

Kò sí ohùn kankan nínú ẹ́ńjìnnì. Kò fìgbà kankan sí. Wọ́n ń kọ́ mi ni. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá ẹnu sọ látàárọ̀, wọ́n ti fi sípánà sọ ọ́ fún mi lánàá. Nígbà náà, lọ́la... òkè, kọ́nà, tírélà... èmi ni. Orí mi ò. Èmi ni mo máa wà á.

Omi ti dá. Wọ́n ń bi mí láti ojú fèrèsé bóyá àpò náà wọ ẹ̀yìn ìjókòó.

Mo ní ó wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fi etí aṣọ di ẹnu mi, torí bí mo bá sunkún níbí, wọ́n á gbọ́.